Àkànní, má sọ àwọn atẹ̀wé Mọ́kọ́lá di ọ̀tá ẹ

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ẹ ní kí n kí ẹ, ó ní kó o máa rántí jẹun kó o tó dúró ti mẹ́ṣìn. Voice note tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé, mo gbọ́ ọ tán, mo tún un gbọ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kọjá èyí tí mo lè fi voice note dá lóhùn, ìyẹn ni mo ṣe jókòó tẹ gbogbo ẹ̀ síbí. Fara balẹ̀ kà á, má kà á nídìí iṣẹ́.

O ní atẹ̀wé ti pọ̀ jù ní Mọ́kọ́lá, o ní gbogbo wọn ló ń ṣọ́ ohun tó ò ń ṣe. O ti kìlọ̀ fáwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ pé wọn ò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó wà lódìkejì títì, tí kọ́sítọ́mà bá sì béèrè ohun tí o ò ní mẹ́ṣìn ẹ̀, o máa ń sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é n'Ìbàdàn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn mí jù, Àkànní. Ṣó o rò pé kọ́sítọ́mà yẹn á padà sílé lọ sùn ni? Á rìn síwájú díẹ̀, á bá ẹni tó ń ṣe é pàdé, á sì mọ̀ pé irọ́ lo pa fóun. O pàdánù jọ́ọ̀bù yẹn, o tún pàdánù ẹni tó gbé e wá.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, ṣe rí fún ẹ dáadáa, torí o ti lọ yunifásítì kó o tó dàgbà tó ẹni tó ń bá mi dúró nídìí iṣẹ́, ohun tó o mọ̀ nípa ẹ̀ ò ju ariwo mẹ́ṣìn àti òórùn íńkì tó máa ń wà lára aṣọ mi lọ. Ní Ṣómólú, láti Bajulaiye Road wọ àwọn àdúgbò tó yí i ká, ó ṣòro kó o tó rí atẹ̀wé kan tó ní gbogbo nǹkan. Ẹnì kan ní mẹ́ṣìn ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní Kord, òun ló ń fi tẹ risíìtì àti letterhead. Ẹlòmíì ní Heidelberg GTO, ẹlòmíì ní Speedmaster oní kọ́lọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣe pléètì, ìyẹn páànù tí wọ́n máa ń ya ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sí, pléètì ló ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ní mẹ́ṣìn ìgébébà, bébà oníbébà ló ń gé. Àwọn tó ń ṣe lamination, tí wọ́n ń fi ọ̀rá bo ojú bébà, wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń ṣe die-cutting, tí wọ́n ń gé bébà sí oríṣiríṣi ìrísí, wà lọ́tọ̀, àwọn ìyá tó ń to ojú ìwé, tí wọ́n ń ká a, tí wọ́n ń pín-ìn-nì ín pọ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tiwọn. Ìwé kan ṣoṣo tó o rí lọ́wọ́ ọmọ iléèwé lè ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́fà kọjá, tí gbogbo wọn ń pe ara wọn ní atẹ̀wé, tí gbogbo wọn sì ń du kọ́sítọ́mà kan náà. Ohun tó ń mú kí wọ́n máa gbé iṣẹ́ wá láti ìlú mìíì nìyẹn, torí ẹni tó bá gbé jọ́ọ̀bù sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ mọ̀ pé kò sóhun tóun fẹ́ tí wọn ò ní rí ṣe, bí kò sí lọ́wọ́ ẹni tóun bá, ẹni yẹn mọ ilé ẹni tó ní in.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ní iṣẹ́ tiwa yìí, owó ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ṣìn wọ́n, kódà tòkunbọ̀ wọ́n. O ní o fẹ́ yáwó báńkì ra mẹ́ṣìn ìgébébà tìẹ kó o má bàa máa gbé bébà lọ bá ọkùnrin òdìkejì títì yẹn mọ́. Ó dáa, ìgbà mélòó lo máa gé bébà láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Ìwọ̀nba jọ́ọ̀bù tó o ní báyìí, mẹ́ṣìn yẹn máa kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ọjọ́, èlé báńkì ò sì ní dúró. Ọkùnrin yẹn ń rówó lórí tiẹ̀ torí pé gbogbo àdúgbò ló ń gbé bébà wá bá a. Tí ẹ bá wá ra tiyín lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí ìbínú, gbogbo yín lẹ ó jẹ gbèsè, kò sì ní sẹ́nì kankan tí mẹ́ṣìn tiẹ̀ máa rí iṣẹ́ tó ṣe. Yáwó tó o bá fẹ́ yá, àmọ́ fi ra ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní ládùúgbò yẹn, káwọn náà lè máa gbé iṣẹ́ wá bá ẹ.

Má sì rò pé àwa tá ò lówó nìkan ló ń ṣe báyìí. Ní 2014, MTN ta òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn tó lé ní 9,000 fún IHS, iléeṣẹ́ tó ń fi òpó háyà fáwọn oní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lọ́dún yẹn náà ni Etisalat, tó wá di 9mobile, ta ọ̀pọ̀ tiwọn fún IHS kan náà, àwọn méjèèjì wá di ayálégbé lórí òpó. Wọ́n ń du èmi àti ìwọ láàárọ̀ lálẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ wọ́n rí i pé kéèyàn máa dá ri òpó tiẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi gbogbo, kó máa dá ra dísẹ́ẹ̀lì fún un, ìnáwó tó lè pa èèyàn ni. Apple àti Samsung ńkọ́? 2011 ni wọ́n ti wọ ara wọn lọ sílé ẹjọ́, 2018 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí Apple gbé iPhone X jáde ní 2017, Samsung ló bá wọn ṣe skríìnì ẹ̀. Wọ́n ń bára wọn ṣẹjọ́ lọ́wọ́ o, wọ́n sì ń tajà fúnra wọn.

Ọdún kan wà, December ni, ìgbà kàléńdà. O mọ bí December ṣe máa ń rí nílé wa, ẹ kì í rí mi. Rólà mẹ́ṣìn mi bàjẹ́, kàléńdà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà nílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi ṣe ìsìn àìsùn ọdún tuntun. Ọkùnrin tó gbà mí lálejò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti ẹ̀ la jọ du iṣẹ́ iléèwé kan kó tó di ìgbà yẹn, òun ló sì gbà á. Mo lọ bá a, mo ṣàlàyé, ó ní tóun bá ti parí tòun ní aago mẹ́wàá alẹ́ kí n máa bọ̀ pẹ̀lú bébà àti pléètì mi. Mo ra dísẹ́ẹ̀lì, mo sanwó fún ópérétọ̀ ẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Kò sí kọ́sítọ́mà tó mọ̀. Látìgbà yẹn, tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù mí, òun ni mo kọ́kọ́ ń pè, tó bá pọ̀ jù ú, èmi ló ń pè, bẹ́ẹ̀ a ò yéé du iṣẹ́ mọ́ ara wa lọ́wọ́. Tí iléèwé kan bá ní ká mú iye wá, kálukú á kọ tiẹ̀, ẹni tó bá gbà á, ó gbà á nìyẹn, a ó kí i kú oríire.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé, Daddy, tí wọ́n bá wá jí kọ́sítọ́mà mi lọ ńkọ́? Àwọn kan á fẹ́ ṣe é lóòótọ́. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kó o kọ́kọ́ mọ ìwà tó ń gbé àjọṣe yìí ró, kó o mọ̀ ọ́n hù, kó o sì mọ̀ ọ́n wò lára ẹlòmíì. Jọ́ọ̀bù tí atẹ̀wé bíi tìẹ bá gbé wá fún ẹ, tiẹ̀ ni kọ́sítọ́mà yẹn. Kódà kó o mọ ẹni náà, kódà kó o rí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ lára iṣẹ́ náà, o ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan wà ládùúgbò wa tó máa ń fi káàdì ẹ̀ sáàárín páálí tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ oníṣẹ́ padà. Ó rí kọ́sítọ́mà bíi mélòó kan lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn tàn káàkiri, kò sẹ́ni tó gbé ohunkóhun fún un mọ́, nígbà tí mẹ́ṣìn tiẹ̀ sì bàjẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn tó kàn ló wà ní títì.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà. Iye tó o máa gba lọ́wọ́ atẹ̀wé bíi tìẹ gbọ́dọ̀ kéré sí iye tó o ń gba lọ́wọ́ ará ìta, torí òun náà gbọ́dọ̀ rí nǹkan jẹ lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ lo gbé iṣẹ́ lọ bá a, san owó ẹ̀ kíákíá, má sọ fún un pé kọ́sítọ́mà ò tíì sanwó, kò bá kọ́sítọ́mà ẹ dòwò pọ̀. Kó o sì máa kọ gbogbo ẹ̀ sórí WhatsApp kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: iye tí wọ́n máa tẹ̀, irú bébà, gírámù ẹ̀, ọjọ́ tó máa jáde, àti ẹni tó máa ra bébà míì tó bá bàjẹ́. Ìjà tí mo ti bá wọn parí nínú iṣẹ́ yìí, ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, bébà tó bàjẹ́ tí wọn ò sọ ẹni tó ni ín ló fà á.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí o ò gbọdọ̀ gbé fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ìdánwò iléèwé, ìwọ fúnra ẹ ni kó o tẹ̀ ẹ́, kó o dúró tì í, kó o dáná sun èyí tó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohunkóhun tí kọ́sítọ́mà bá ní kó má jáde. Tí agbára ẹ ò bá gbé e, dá a padà fún un, sọ òtítọ́. Ṣíṣe ọ̀rẹ́ ò sọ pé kó o tú àṣírí oníṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ bébà ń kó ìdààmú bá mi ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìjọba kọ́ iléeṣẹ́ bébà sí Jebba, wọ́n kọ́ sí Ìwopin, wọ́n kọ́ sí Oku Iboku, àmọ́ bébà tí àwa fi ń ṣiṣẹ́ lónìí, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Láti June 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá ibi tó máa balẹ̀ sí fúnra ẹ̀, ìwọ náà rí ohun tójú wa rí. Tí ìwọ nìkan bá lọ ra ríìmù mẹ́wàá, iye tó bá wu ẹni tó ń tà á ló máa pè é. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin márùn-ún tẹ́ ẹ pawó pọ̀ ra ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ pín ọkọ̀ tó gbé e wá láti Èkó, ó máa dín kù fún gbogbo yín. Mo ti ń gbọ́ táwọn kan ní Ṣómólú ń ṣe é, kò sì sóhun tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é n'Ìbàdàn.

Àmọ́ o, àjọrà yàtọ̀ sí kẹ́ ẹ jókòó pa ẹnu pọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà ju iye kan tàbí kó gbà tó dín sí i lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà. Tí wọ́n bá gbé ìyẹn wá sí mítíìnì, dìde kó o máa lọ. Òfin FCCPA 2018 ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó wà fún ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, lòdì sí i, èmi náà ò sì fẹ́ràn ẹ̀ kí òfin tó dé, torí ìyá tó fẹ́ tẹ ìwé ìpè òkú ìyá ẹ̀ ló máa fara gbá a. Má ba ọjà jẹ́, má gba iye tí kò ní tó ra íńkì nítorí pé o fẹ́ gbà á mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́, àmọ́ iye tìẹ, ìwọ ni kó o ṣírò ẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Ìwé ìkésíni ìgbéyàwó tó o sọ nínú voice note yẹn, èyí tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣe lamination ẹ̀ tí o ò ní mẹ́ṣìn ẹ̀, má dá a padà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kọjá sódìkejì títì yẹn fúnra ẹ, má rán ọmọ iṣẹ́. Kí ọkùnrin yẹn dáadáa, ó jù ẹ́ lọ lọ́jọ́ orí, dọ̀bálẹ̀ fún un. Bi í bóyá òun ń ṣe é tàbí ó mọ ẹni tó ń ṣe é, bi í ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ atẹ̀wé, má yọ owó lórí ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ náà pé o ti fagi lé òfin tó o ṣe fún wọn yẹn, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ.

Nọ́ńbà ẹni tó máa ń bá mi tún rólà ṣe ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ lẹ́yìn èyí. Ó máa ń wá sí Ìbàdàn. Tó bá ń bọ̀, béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Mọ́kọ́lá bóyá mẹ́ṣìn ẹnì kankan ń ṣàìsàn, kẹ́ ẹ jọ san owó ọkọ̀ ẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.