Ìkéde: A ó lọ wọn igi ńlá lẹ́bàá Erédò Súngbọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó lọ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn igi tó wà lẹ́bàá Erédò Súngbọ́ ní Ìjẹ̀bú, odi àti yàrà tó gùn ju kìlómítà 160 lọ. Kí oníkálukú mú téèpù dání.

Ẹ fi téèpù yí ìrókò ká níbi tó fi mítà 1.3 ga sílẹ̀. Bó bá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá òkè ni kí ẹ ti wọn gíga yẹn. Ti àràbà yàtọ̀: gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ síta bí ògiri, bí ẹ bá sì kà á mọ́ ọn, ìwọ̀n náà á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òkè ibi tí gbòǹgbò parí sí ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ gíga ibẹ̀ sílẹ̀. Pèrègún tó bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú. Ààlà ilẹ̀ tàbí ojúbọ ló sábà máa ń fi hàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gun odi. Láwọn ibì kan, ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ sì máa ń ya lẹ́yìn òjò. Ẹ má fa igi kékeré tu lára rẹ̀. Gbòǹgbò wọn ló di iyẹ̀pẹ̀ mú.

Aago méje àárọ̀ la ó gbéra. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ la ó kọ́kọ́ yà.