Iṣan fún ọrun bàbá mi

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
18 Oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Ìyá wọn ńkọ́? Níbí, ọyẹ́ ti dé. Láti àárọ̀ ni kùrukùru ti bo Òkè Olósùnta, ètè gbogbo wa sì ti bó. Ọyẹ́ yìí ni mo ti ń retí láti oṣù Kẹsàn-án, o máa tó mọ ìdí rẹ̀.

O ní ọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ fún ọ ní ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín tó pa, o wá ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé iṣan rẹ̀, okùn líle tó so ẹran mọ́ egungun, wúlò fún ọrun tí a fi ń ta ọfà. Òótọ́ ni. Má jẹ̀ẹ́ kó sọ ọ́ nù. Bẹ̀ ẹ́ kó fi iṣan ẹ̀yìn kún un, èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, láti èjìká dé ìbàdí. Ìyẹn gùn ju ti ẹsẹ̀ lọ, ó sì rọrùn láti ya. Èmi kò tíì rí odidi rẹ̀ gbà níbí, torí àwọn alápatà wa á ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí n tó dé ìsọ̀ wọn.

Ọrun bàbá mi ni mo ń tún ṣe. O mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń wà lókè àjà ilé ìdáná, òun ni wọ́n máa ń gbé kọ́ èjìká tí wọ́n bá kó àwa méjèèjì lọ sóko. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó bìkítà fún un. Ọsán já, ọrun dọ̀pá lóòótọ́, ọ̀pá ọ̀hún ni àwọn ọmọ fi ń já ìbẹ́pẹ. Nígbà tí mo gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí, pé fọ́nrán igi kan ti gbéra níbẹ̀ bí èékánná tó fẹ́ ya. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Tí ènìyàn bá fa ọrun, inú rẹ̀ tó kọjú sí ẹni tó ń ta á ni ó máa ń fún pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó máa ń nà. Ẹ̀yìn yìí ni igi ti sábà máa ń kọ́kọ́ dá. Iṣan ẹran nà ju igi lọ dáadáa kó tó já. Bí a bá fi gọ́ọ̀mù awọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọrun, òun ni yóò máa gba ìnira yẹn fún igi. Bó bá sì ti ń gbẹ ni yóò máa súnkì, tí yóò máa fa ọrun náà lọ sí òdìkejì, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i.

Bọ̀kọ̀tọ̀ mẹ́jọ ni mo rà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù ni gbogbo wọn, nítorí iṣan tó wà lókè gìgísẹ̀ níbẹ̀ ló nípọn jù. Ìyá tó ń tà á bi mí léèmejì pé ṣé mo mọ̀ pé iṣan yẹn gan-an ni oníbàárà ń wá. Ìyàwó mi fi ìyókù se ọbẹ̀.

Fi ọ̀bẹ tó mú là awọ, tọ iṣan náà láti gìgísẹ̀ lọ sókè, kí o gé e níbi tó bá parí sí gan-an kó lè gùn. Bọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí i ká bí àpò. Ha gbogbo ẹran àti ọ̀rá kúrò nígbà tó ṣì tútù, torí gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rá bá wà. Lẹ́yìn náà, gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó má wà nítòsí iná, kí ajá má sì tó o. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé kọ́ nígbà òjò rùn, mo sì kó o dà nù. Èyí tí mo gbé kọ́ lásìkò ọyẹ́ gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Tó bá gbẹ, yóò le bí ìwo, àwọ̀ rẹ̀ yóò dà bí oyin, ìmọ́lẹ̀ á sì máa là á kọjá.

Lílù rẹ̀ ló ni iṣẹ́. Má fi hámà irin lù ú, etí rẹ̀ á gé fọ́nrán. Òkúta odò tó ń dán ni mo lò, mo gbé iṣan lé orí ìtì igi. Rọra bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ iṣu rẹ́ nínú odó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Á kọ́kọ́ máa dún kó-kó-kó bí igi. Tí ìró rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀, tí àwọ̀ oyin yẹn di funfun, tó ń tú bí òwú, ó ti gbọ́ nìyẹn. Fi ọwọ́ yà á sí méjì, ya ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì, máa yà á lọ títí yóò fi tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ. Ti ẹsẹ̀ méjì gbà mí ní odidi ọjọ́ kan. Kó àwọn tó gùn sọ́tọ̀, kó àwọn kúkúrú sọ́tọ̀, dì wọ́n ní ìdì kéékèèké, fi òòyà yà wọ́n. Má da èérún rẹ̀ nù.

Kí o tó lẹ̀ ẹ́, o gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ kó rọ̀. Jọ̀ọ́, omi tí a lè fi wẹ ọmọ ọwọ́ ni kí o lò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo kánjú, mo da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí. Lójú mi báyìí ló ká jọ bí irun tí iná rà, ó di rọ́bà. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló bá a lọ. Ohun tó wà nínú iṣan náà ló wà nínú gọ́ọ̀mù, iná ló ń sọ ọ̀kan di èkejì. O rántí bí ọbẹ̀ bọ̀kọ̀tọ̀ ṣe máa ń dì nínú ìkòkò tílẹ̀ bá mọ́? Gọ́ọ̀mù nìyẹn. Awọ tútù àti èérún iṣan ni mo sè títí omi rẹ̀ fi ki, mo sẹ́ ẹ, mo wá gbé ìkòkò kékeré rẹ̀ sínú omi gbígbóná kó má baà dì. Má jẹ̀ẹ́ kó hó, agbára rẹ̀ á dínkù.

Mo fi sáńpépà ha ẹ̀yìn ọrun náà, mo fi omi eérú fọ̀ ọ́ kí ọ̀rá ọwọ́ lè kúrò (ọwọ́ bàbá mi ló ṣì wà lára igi yẹn, mo rántí ìyẹn bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́), mo wá fi gọ́ọ̀mù tó ṣàn kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdì kọ̀ọ̀kan, mo rì í sínú gọ́ọ̀mù, mo fi ìka méjì fún un, mo tẹ́ ẹ láti àárín lọ sí orí méjèèjì. Ibi tí ọ̀kan bá parí sí kò gbọdọ̀ bá ti ẹnìkejì rẹ̀ dọ́gba. Bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni.

Igi lásán ni ọrun tí mo mọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa, kò sì yà mí lẹ́nu. Gọ́ọ̀mù yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń rọ̀, ìwọ náà sì mọ bí òjò Èkìtì ṣe rí. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ni ọrun tó ní iṣan lẹ́yìn. Àwọn ará Tọ́kì lò ó, àwọn ará Mòǹgólíà lò ó, àwọn ẹ̀yà Blackfoot tó ni ilẹ̀ tí Calgary rẹ yẹn wà ní Kánádà lò ó pẹ̀lú láti orí ẹṣin. Ní California, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ishi, òun ló kù nínú gbogbo ẹ̀yà Yahi nígbà tó jáde láti inú igbó ní 1911. Kó tó kú ní 1916, ó kọ́ dókítà òyìnbó kan bí wọ́n ṣe ń ṣe ọrun tó ní iṣan lẹ́yìn. Ó rẹ́ni kọ́. Bàbá mi náà rí wa, Bàbá Ìbejì, àwa méjèèjì la jọ ń tẹ̀lé wọn, mi ò sì bi wọ́n rí bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ó ń dùn mí.

Ìpele méjì ni iṣan tó wà lára rẹ̀ báyìí. Ó ti ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, fọ́nrán igi tó gbéra yẹn ò sì hàn mọ́. Mo ti dè é mọ́ òkè àjà níbi tó ti máa ń wà. Ìparí oṣù Kejì ni mo fẹ́ kùn ún ní fáníìṣì, kí n sì fi ọsán tuntun sí i kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Tí o bá ti gba ti àgbọ̀nrín yẹn, wọn gígùn iṣan ẹ̀yìn rẹ̀, kí o sọ fún mi. Tí o bá ń bọ̀ wálé, a jọ máa lọ dán ọrun náà wò ní oko wọn.

Kí àwọn ìbejì fún mi.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìkẹ́rẹ́.