Àjọkẹ́ mi, kà wọ́n kí mọ́tò tó gbéra

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní Páàsítọ̀ yín ní kí ìwọ náà wà lára àwọn òbí tó máa kó àwọn ọ̀dọ́ lọ kámpù nínú ọlidé yìí, ọjọ́ márùn-ún, apá Ìgbàjà lọ́hùn-ún, ọmọ méjìlélógójì, Àlàní ọmọ ẹ, ọkọ mi, sì wà nínú wọn. O ní ṣé kó o gbà àbí kó o má gbà. Gbà á. Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n rí. Àmọ́ má tíì dá Páàsítọ̀ lóhùn títí wàá fi ka lẹ́tà yìí tán, torí ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ẹ rí.

Ṣé o rántí ìgbà tá a lọ wo omi Òwù? O ò tíì pé mẹ́tàlá nígbà yẹn, JS 2 lo wà. Èmi àti àgbà mẹ́ta míì la kó àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, inú kíláàsì iléèwé kan la sùn, ọjọ́ kẹta la gba Ọ̀wà Kájọlà lọ sídìí omi yẹn. Oṣù kẹjọ ni, òjò ti rọ̀ gan-an lọ́dún yẹn, omi ń já bọ́ látorí àpáta tó ga tó 120 mítà, ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń sọ. Ìwọ wá yọ̀ ṣubú lórí òkúta, orúnkún ẹ bó, ẹ̀jẹ̀ ń dà, o ń ké. Mo gbé ẹ pọ̀n, bó o ṣe tóbi tó yẹn, mo pọ̀n ẹ́ gba ọ̀nà igbó yẹn títí dé ìdí bọ́ọ̀sì, mo fún ẹ ní Panadol, mo gbé ẹsẹ̀ ẹ lé itan mi, o sì sùn lọ. Ìtàn yìí lo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ pé màmá tèmi fẹ́ràn mi o, ó pọ̀n mí lọ́mọ ọdún méjìlá. Tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí mo máa ń dìde lọ sí kíṣìnì.

Èmi ni ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, Àjọkẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n ka àwọn ọmọ kí mọ́tò tó gbéra. Mi ò kà wọ́n. Mo kàn bojú wẹ̀yìn, mo rí orí púpọ̀, mo ní ó ti pé, ẹ jẹ́ ká máa lọ. A ti rìn tó ogún mínítì kí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn tó sọ pé, mà, ẹni tó jókòó tì mí tẹ́lẹ̀ ò sí níbí o. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹni tá a fi sílẹ̀ yẹn, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í dá ẹnikẹ́ni lágara, irú ọmọ tí wàá gbàgbé pé ó wà nínú ilé. Ó lọ tọ̀ lẹ́yìn igbó ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí tá a fi padà débẹ̀, gbogbo ohun tí mo ń rò ni omi, omi, omi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà la bá a tó jókòó, bàtà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sunkún. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, mo pẹ́."

Ọmọ tí mo gbàgbé sínú igbó ló ń bẹ̀ mí.

Nígbà tá a délé mo lọ bá ìyá ẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ bó ṣe rí fún un, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ Àjọkẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń san?" Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Ọmọkùnrin yẹn ti di bàbá ọmọ báyìí, Ọ̀ffà ló ń gbé, tó bá wá sí Òmù-Àrán ó máa ń yà kí mi, ó sì máa ń ra búrẹ́dì fún mi. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yẹn rí. Èmi náà ò lè mẹ́nu kàn án.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ẹ. Ọmọ tèmi ni mo rí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ọmọ ẹlòmíì. Kò sì sẹ́ni tó máa bá ìyá wí pé ó gbé ọmọ ẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu ẹ̀ wà, torí ó jọ ohun tó dáa. Tó o bá ti gba iṣẹ́ yìí, ọmọ méjìlélógójì lo bí fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn ìyá yòókù á wà nílé ní Ìlọrin, wọ́n á ti sùn, torí wọ́n rò pé ojú ẹ wà lára ọmọ wọn.

Nítorí náà, kó o tó ṣe ohunkóhun, sọ fún Páàsítọ̀ kó fi Àlàní sábẹ́ àgbà míì. Kó má sùn níbi tí wàá máa ṣọ́, kó má sí nínú àwọn tí wọ́n máa fà lé ẹ lọ́wọ́. Tó bá ṣubú, jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́ gbé e, ìwọ dúró ti àwọn tó wà níwájú ẹ. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Kí ẹ sì ti jókòó sọ ọ́ nílé kẹ́ ẹ tó lọ, torí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ojú á máa tì í pé màmá òun tẹ̀ lé òun wá, sọ fún un pé o ò ní máa pè é ní orúkọ ilé níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, o ò ní máa nu ẹnu ẹ̀. Má fi ẹran pamọ́ fún un o. Má sì tún jẹ ẹ́ níyà ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n má bàa ní ò ń ṣe ojúsàájú, mo ti rí àwọn ìyá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn ni wọ́n ń fìyà jẹ torí ẹnu ayé.

Kíkà tí mo ń sọ yìí, kì í ṣe kó o dúró síwájú bọ́ọ̀sì kó o máa nàka. Ọmọ ò ní dúró sójú kan, wàá ka ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì, á sì dà bíi pé ó pé. Pe orúkọ, kí ọmọ fi ẹnu ara ẹ̀ dáhùn, kó o sì wo ojú ẹ̀. Pín wọn ní méjì-méjì láti Ìlọrin, kí kálukú mọ ẹnìkejì ẹ̀, ibi yòówù tí ọ̀kan ń lọ, ì báà jẹ́ ilé ìtọ̀, kí ìkejì mọ̀. Kà wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra, tẹ́ ẹ bá dúró ra nǹkan ní Ìdọ̀fìán kà wọ́n kí mọ́tò tó tún ṣí, kà wọ́n kí wọ́n tó sùn, kà wọ́n tílẹ̀ bá mọ́. Wọ́n á ní ìyá yìí ti ń dààmú wa jù. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ti omi ńkọ́. O ní àwọn kan ti ń sọ pé tí wọ́n bá dé ọ̀hún wọ́n á gbé wọn lọ sí Òwù. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ, ó dáa kí ọmọ Kwárà rí i. Àmọ́ ìgbà òjò la wà yìí, òkúta yẹn máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, òjò sì lè má rọ̀ lọ́dọ̀ yín rárá, kó rọ̀ lókè odò, kí omi kàn ṣàdédé kún. Ọmọ tó bá ń rì kì í pariwo o, kì í juwọ́ bíi ti inú fíìmù, ńṣe ló máa ń dákẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti tán. Ẹ wò ó látòkèèrè, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀, kó má sì sí pé èmi mọ̀ ọ́n wẹ̀. Tí omi bá pọ̀ jù, ẹ yí mọ́tò padà kẹ́ ẹ gbé wọn lọ Ẹ̀sìẹ́ kí wọ́n lọ wo àwọn ère òkúta yẹn, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, 1945. Ẹnìkan á sọ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kì í wo ère. Sọ fún un pé ìtàn àwọn baba wa ni, wíwò kì í ṣe bíbọ.

Ọ̀rọ̀ ìlera, o mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́, ẹni tó ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìntì. Ẹ kọ ìwé kan fún àwọn òbí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tí ọmọ bá ní asímà, tó bá ní wárápá, tí oúnjẹ kan ò bá bá a lára mu, tó bá jẹ́ SS, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ yẹn, àti nọ́ńbà fóònù méjì. Kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sórí bébà, torí nẹ́tíwọ̀kì lè má sí, bátìrì sì lè kú. Àwọn òbí kan máa ń fi SS pamọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ ní kí ọmọ wọn dúró sílé. Pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ fún wọn pé ọmọ wọn máa lọ. Omi ló nílò dáadáa, àti aṣọ òtútù, kó má wẹ omi tútù ní ìdájí, kó má sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́, kó sì máa lo oògùn ẹ̀. Tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ara ẹ̀ bá gbóná, ọsibítù, lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Àwọn kan á fẹ́ kí ọmọ gbààwẹ̀, wọ́n á fẹ́ ṣe vigil, wọ́n á sì sọ fún ọmọ pé kó gbé oògùn sílẹ̀ kó fi ìgbàgbọ́ dúró. Èmi náà ń gbàdúrà, o mọ̀ mí, àdúrà ni mo fi tọ́ yín. Àmọ́ ọmọ tí ìyá ẹ̀ fi ínhélà lé lọ́wọ́, kò sí àgbà kan lórí ilẹ̀ tó láṣẹ láti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Gbàdúrà, kó o sì fún un ní oògùn ẹ̀.

Ra ORS àti zinc ní kẹ́mísítì, má dúró dìgbà tí ẹnìkan bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Tí ORS bá tán, ẹ pò ó fúnra yín: píọ̀ wọ́tà méjì ti 50cl ló di lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ ìfọwọ́ níbi ilé ìtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé wàrà dání o, mo mọ àwọn ará Ìlọrin, kò ní dé ọjọ́ kejì tó máa kan. Ejò náà wà, igbó nibẹ̀ yẹn, tọ́ọ̀ṣì àti bàtà lálẹ́. Tó bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fa májèlé ẹ̀ lẹ́nu, ẹ má dè é le, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ gbé e sínú mọ́tò. Mọ ọsibítù tó wà nítòsí kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, kí mọ́tò kan wà lẹ́yìn kámpù tọ̀sán-tòru, kí dírẹ́bà má lọ sùn sílùú. Jẹnẹrétọ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé ibi tí ọmọ ń sùn, èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun, kò ní jí ẹnikẹ́ni.

Èyí tó tún wá lágbára nìyí. Kí àgbà kan má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀ tì, ì báà jẹ́ àdúrà ló fẹ́ gbà fún un, ì báà jẹ́ ẹni tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀wọ̀ fún. Ìwọ náà wà lábẹ́ òfin yẹn. Sọ ọ́ ní míítìn àkọ́kọ́, kó má dà bíi pé ẹnìkan lò ń nàka sí. Tí ọmọ bá sì wá bá ẹ tó ní ẹnìkan fọwọ́ kan òun, gbà á gbọ́ ná, pe òbí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ pé kó má bàa ba orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́. Àjọkẹ́, tí wọ́n bá torí ẹ̀ bínú sí ẹ, máa bọ̀ ní Òmù-Àrán, ilé rèé.

Ọmọ kan á tọ̀ sílé. Nínú ọmọ méjìlélógójì, ó kéré tán ọ̀kan á wà. Jí ní nǹkan bí aago márùn-ún kí àwọn yòókù tó jí, mú un jáde jẹ́jẹ́, kí ẹ jọ fọ aṣọ yẹn, kó o sì sọ ọ̀rọ̀ míì fún un, bi í nípa bọ́ọ̀lù. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ẹkún ilé máa ń dé, má bá ẹni tó ń sunkún wí. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ kó o wá lójoojúmọ́ ni ọmọ tí kò béèrè nǹkan kan. Èyí tó ń pariwo, o ti rí i. Èyí tó ń ṣe wàhálà, gbogbo yín lẹ mọ orúkọ ẹ̀. Wá ẹni tó dákẹ́ lẹ́yìn, jókòó tì í jẹun, mọ orúkọ ẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú.

Bá mi kí bàbá Àlàní. Mo ti ní kí wọ́n lọ èlùbọ́ fún yín, kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ wá gbà á.

Lálaalẹ́ tó o bá ti kà wọ́n tán, fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí mi. Má kọ nǹkan míì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Méjìlélógójì, ó tán. Tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá gbé e lọ, máa rán an títí. Mi ò ní tíì sùn.

Èmi ni ìyá ẹ,
Òmù-Àrán.