Owó wa ni wọ́n fi kọ rípọ́ọ̀tù yẹn, ẹ jẹ́ kó jáde

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé lẹ́tà mi kúrú jù, mo mọ̀ pé àyè yín ò pọ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì ni mo ní ní Alágbàká, Àkúrẹ́ níbí, láàárín àwọn ọ́fíìsì ìjọba, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀, kò sì sí irú bébà tí mi ò tíì tẹ́ sórí gíláàsì ẹ̀rọ mi rí. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ikú, ìwé ẹ̀sùn. Ìwé ẹ̀sùn ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé sí yín.

Lọ́dún kan báyìí (mi ò ní sọ ọdún tó jẹ́, mi ò sì ní dárúkọ ìjọba tó wà níbẹ̀, torí mo ṣì fẹ́ máa jẹun nínú fọ́tókópì) wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì kan kalẹ̀ láti wádìí bí àwọn kan ṣe náwó nígbà tí wọ́n wà lórí àga. Rédíò kéde ẹ̀ títí, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ kó kọ ọ́ wá, kó sì ṣe é ní kópì méjìlá. Kópì méjìlá! Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín, ọjà wọlé fún mi lọ́sẹ̀ yẹn.

Bàbá kan wà lára àwọn tó wá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, abúlé kan lọ́nà Ìdànrè ni wọ́n ti wá. Wọ́n di ìwé wọn sínú láílọ́ọ̀nù dúdú méjì, ọ̀kan nínú èkejì, nítorí òjò. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé abúlé wọn ni, yàrá ìkàwé mẹ́ta tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n tiẹ̀ ti gbé pátákó síbẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Bàbá ya fọ́tò ibẹ̀. Fáúndéṣọ̀n ni mo rí, igbó ti bò ó, ewúrẹ́ méjì dúró lórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n tún fi lẹ́tà mẹ́fà tí wọ́n ti kọ síjọba sẹ́yìn kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Kò síná lọ́jọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn, bàbá dúró tì mí, wọ́n ń tọ́ ìka lẹ́nu, wọ́n ń ka ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan kí n má baà fo ọ̀kan.

Wọ́n pè wọ́n, wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú pánẹ́ẹ̀lì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, alága dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní àwọn á fi ojú ṣùnnùkùn wò ó. Ó tó oṣù mélòó kan, tẹlifíṣọ̀n fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń gbé rípọ́ọ̀tù fún gómìnà, ìwé ńlá tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dì bí ẹ̀bùn ìyàwó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bọwọ́, gómìnà ní òun ò ní fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ibẹ̀ la gbọ́ ọ mọ.

Bàbá yẹn ṣì ń wá o. Tí wọ́n bá ti wá ṣe wẹrifikéṣọ̀n owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á yà, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ti jáde?" bí ìgbà téèyàn ń bèèrè èsì WAEC ọmọ ẹ̀. Mo á ní, "Bàbá, kò tíì jáde o." Ó ti dé ibi tó jẹ́ pé tí mo bá rí fìlà wọn lókèèrè, ojú á máa tì mí, bíi pé èmi ni mo jókòó lé e.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó ìjọba bá ti ṣẹlẹ̀, ariwo wa ni pé kí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì kalẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì ò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni òfin tó máa sọ ọjọ́ tí rípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ délé aráàlú, bóyá gómìnà fẹ́ tàbí ó kọ̀.

Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí, gómìnà ló ń yan alága, òun ló ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, òun ló ń sọ ohun tí wọ́n máa wádìí àti èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, òun ló ń fún wọn lówó, òun náà ló ń gba rípọ́ọ̀tù, lẹ́yìn ìyẹn á tún yan àwọn míì pé kí wọ́n kọ wáìtì pépà, ìyẹn ìwé tó máa sọ èyí tí ìjọba gbà àti èyí tí kò gbà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ gómìnà àná ni wọ́n ń wádìí, ìwádìí yẹn á yá bí iná ọyẹ́, àfi tí gómìnà àná bá lọ bá wọn nínú ẹgbẹ́ wọn, kíá lẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà á rántí Coker. Ní 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n gbé Adájọ́ Coker kalẹ̀ kó wádìí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Western Region, títí kan Marketing Board tó ń ra kòkó. Kòkó ta ni? Kòkó àwọn bàbá wa ní Ìdànrè àti Oǹdó níbí wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn ní àbùkù tiẹ̀, ó di ẹ̀bi lé Awólọ́wọ̀ lórí, ó ní Akíntọ́lá ò jẹ̀bi, títí dòní làwọn èèyàn ń sọ pé òṣèlú ni, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, wọ́n tẹ rípọ́ọ̀tù ẹ̀ jáde, ìdìpọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ bá Coker fà á, ó lè ṣí ojú ìwé kó fìka tọ́ ọ pé ibí yìí lo ti ṣì í. Àwa báyìí, a ò tiẹ̀ lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn, torí a ò mọ ohun tí wọ́n kọ.

Látìgbà yẹn, ilẹ̀kùn ti ń tì ni. Pius Okigbo, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣèwádìí owó epo fún Abacha ní 1994, ọ̀rọ̀ 12.4 bílíọ̀nù dọ́là, ìjọba ò tẹ̀ ẹ́ síta. Ti NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, ló tún wá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí Oǹdó wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Gbogbo wa la rí fídíò ọ̀gá wọn tó dákú níwájú ilé aṣojú-ṣòfin ní July 2020, a fi rẹ́rìn-ín lórí WhatsApp, èmi náà fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀. Ní September 2021 ni wọ́n gbé àbọ̀ àwọn ọ̀dítọ̀ fún ìjọba Buhari, mínísítà ìdájọ́ tó gbà á ní iṣẹ́ àkànṣe 13,777 ni wọ́n gbé jáde láàárín 2001 sí 2019, àpapọ̀ àkáǹtì báńkì sì jẹ́ 362. 13,777! Mélòó nínú ẹ̀ ló wà ní Ìlàjẹ? Lọ bèèrè ní Ayétòrò tí òkun ti jẹ ilé àti ibi ìsìnkú wọn lọ, wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde fún wọn láti bíi ogún ọdún sẹ́yìn, omi ò gbọ́. Àbọ̀ ọ̀dítọ̀ yẹn ló yẹ kó sọ orúkọ ẹni tó gbowó fún wọn. Èmi ò tíì rí ojú ìwé kan níbẹ̀ tí wọ́n gbé wá fún fọ́tókópì.

Àwọn kan á ní Àbújá ni ká lọ bá. Rárá o, Alágbàká níbí ni. Ẹ rántí ẹjọ́ Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó tiwa, pẹ̀lú Babangida lórí pánẹ́ẹ̀lì Oputa, èyí tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dù àwọn èèyàn. Ní January 2003 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ìjọba àpapọ̀ ò lágbára láti gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kọjá Àbújá, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ lagbára yẹn wà. Ó dun Gani nígbà yẹn, ó dun gbogbo wa, ìjọba Ọbásanjọ́ tìtorí ẹ̀ sọ pé àwọn ò lè gbé ti Oputa jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí fún wa ni pé àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa lè jókòó kí wọ́n tún òfin ìgbìmọ̀ ìwádìí ìpínlẹ̀ yìí kọ, wọn ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Àbújá. Abala 128 nínú òfin ilẹ̀ wa tiẹ̀ ti fún àwọn fúnra wọn lágbára láti wádìí kí wọ́n lè tú àṣírí jẹgúdújẹrá.

Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí pánẹ́ẹ̀lì bá ti fi rípọ́ọ̀tù sílẹ̀, kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ní láíbúrẹ́rì ìjọba, wáìtì pépà jáde tàbí kò jáde. Kó jẹ́ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ló máa mú alága wá. Kí rédíò máa gbé ìjókòó wọn sáfẹ́fẹ́ tààrà, lédè tí àwọn ìyá Ọjà Ọba gbọ́.

Lọ́yà kan tó máa ń ṣe fọ́tókópì lọ́dọ̀ mi ní mo ń sọ̀rọ̀ bí aráàlú, pé tí wọ́n bá gbé e jáde ó máa ba orúkọ ẹni tí kò tíì dé kóòtù jẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ohun tí wọ́n kọ nípa ẹnì kan hàn án, kó fèsì, kí wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ mọ́ ọn. Pánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe kóòtù, kò lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n. South Africa náà ṣe é, Adájọ́ Zondo jókòó láti 2018 lórí ìwà jẹgúdújẹrá nínú ìjọba, gbogbo ayé ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí Zuma, ààrẹ wọn tẹ́lẹ̀, kọ̀ tí kò yọjú, kóòtù wọn jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 2021, wọ́n sì ń gbé rípọ́ọ̀tù jáde ní apá kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi parí ẹ̀ ní 2022. Ṣé gbogbo àwọn tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀ ló ti ṣẹ̀wọ̀n? Kò sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ wọn mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wo ti Èkó náà, pánẹ́ẹ̀lì EndSARS, rípọ́ọ̀tù ti jò síta ní November 2021 kí wáìtì pépà tó dé, ìyẹn ló jẹ́ ká mọ ibi tí ìjọba ti ní àwọn ò gbà. Ká ní kò jò ńkọ́?

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà ńkọ́? Wọ́n máa ń wá bá mi tílẹ̀ bá ti ń ṣú, fáìlì lábẹ́ agbádá, wọ́n á ní kí n má wo ohun tó wà níbẹ̀. Mo mọ ọ̀kan tí wọ́n gbé lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ò dé lẹ́yìn tó lọ jẹ́rìí. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2016 pé ẹni tó bá tú àṣírí á gba nǹkan nínú owó tí wọ́n bá rí gbà, ètò lásán ni, kì í ṣe òfin, kò lè gba onítọ̀hún lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tá a lè ṣe ká tó rí òfin tuntun. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Àkúrẹ́ níbí ló sọ ní 2018, nígbà tí ẹnì kan ń bèèrè ìṣirò owó ìpínlẹ̀ tí ọ̀dítọ̀ ti yẹ̀ wò, pé òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé ìjọba, de àwọn ìpínlẹ̀ náà, àwọn kan ń jiyàn ẹ̀ títí di April 2025 tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi parí ẹ̀. Ọjọ́ méje ni òfin yẹn fún wọn láti dáhùn. Nígbà tí mo gbọ́, mo ránṣẹ́ pe bàbá, mo tẹ lẹ́tà fún wọn, ojú ìwé kan péré, pé kí wọ́n fún àwọn ní kópì rípọ́ọ̀tù pánẹ́ẹ̀lì yẹn. A gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ, akọ̀wé wò wá láti òkè délẹ̀, ó wá òǹtẹ̀ tì, ó bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì ẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí kópì wa.

Ọjọ́ méje ti kọjá tipẹ́. Kópì tó ní òǹtẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá bàbá tún wá, wọ́n ní kí n ṣe méjìlá lára ẹ̀ fún àwọn. Mo ṣe é, mi ò gbowó.

Èmi ni,
Onífọ́tókópì kan,
Alágbàká, Àkúrẹ́.