Ẹ má yọ Vivien Thomas sílẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa iṣẹ́ abẹ ọkàn, ṣùgbọ́n ẹ ò dárúkọ Vivien Thomas níbẹ̀.

Ọdún 22 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Vivien Thomas fi ń ká mi lára. Aláwọ̀ dúdú ni, káfíńtà, kò kàwé dókítà. Ọ̀dọ̀ Alfred Blalock, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ló ti kọ́ iṣẹ́ abẹ láti 1930, lára ajá. Lọ́dún 1944, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún Eileen Saxon, ọmọ ọwọ́ tí àìsàn ọkàn sọ ètè rẹ̀ di aró, Thomas ló dúró lórí àpótí lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, tó ń sọ bí yóò ṣe rán iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ọmọ náà. Ọmọ iṣẹ́ ń tọ́ ọ̀gá sọ́nà! Síbẹ̀, Blalock àti Helen Taussig, dókítà ọkàn àwọn ọmọdé, nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ iṣẹ́ abẹ náà lórúkọ.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún kọ nípa ọkàn, ẹ dárúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn