Sí Ọ̀rẹ́ Mi Tó Ń Fi Etí Kọ Orin Sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, n kò sì gbé e sílẹ̀ títí mo fi kà á tán. Ara mi le. O béèrè ohun tí mò ń rí nínú fíìmù tí gbogbo ayé ní kò dára, tí mo fi tún ń jókòó tì í. Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún.

Wo The Rocky Horror Picture Show. Nígbà tó jáde ní 1975, àwọn èèyàn ò yà sí i, wọ́n sì tètè dá a dúró ní ọ̀pọ̀ ibi. Lọ́dún 1976 ni ilé sinimá kan tó ń jẹ́ Waverly ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn lọ́gànjọ́ òru. Àwọn kan náà ló ń padà wá ṣáá, títí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi di àmọ̀sórí fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣèré lóhùn. Òṣèré á sọ̀rọ̀ kan, á sinmi díẹ̀ kó tó sọ èkejì. Inú àlàfo yẹn gan-an ni èrò ìwòran ń ju ọ̀rọ̀ tiwọn sí. Tí ìgbéyàwó inú fíìmù bá dé, wọ́n á fọ́n ìrẹsì. Tí Janet, ọmọbìnrin inú fíìmù náà, bá fi ìwé ìròyìn borí nínú òjò, àwọn náà á fi ìwé ìròyìn borí, ẹlòmíì á sì máa fín omi sí wọn. Fíìmù ọjọ́sí náà ni o, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un. Àwọn tó ń wò ó ló bá a parí iṣẹ́.

Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Fíìmù tó gún régé jù kì í fi àyè sílẹ̀ fún mi. Ti The Room, tó jáde ní 2003, àyè inú tiẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Tommy Wiseau ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló ṣe olú òṣèré. Àwòrán ṣíbí kan wà nínú yàrá ibẹ̀, tí wọ́n fi férémù sí, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti yọ, èrò á pariwo, wọ́n á sì máa ju ṣíbí oníke síwájú. Àwọn kan ń wò ó láti fi ṣẹ̀sín. Èmi ò sí lára wọn. Tọkàntọkàn ni ọkùnrin yẹn ṣe é, ó hàn lójú rẹ̀, òun ló sì ń fà mí padà.

Ìwé kékeré rẹ tí o ń kọ orin sí ńkọ́? O ní o kì í wo ibi tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin sí, pé ṣe ni o máa ń dá a padà sẹ́yìn, tí o ó kọ ohun tí o bá gbọ́, kódà tí kò bá nítumọ̀. Má jáwọ́ ńbẹ̀. Ṣé o mọ ìtàn Louie Louie? Richard Berry ló kọ ọ́, orin atukọ̀ tí àárò olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ ni. Àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Kingsmen gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1963, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé maikirofóònù kọ́, Jack Ely tó jẹ́ akọrin wọn ní láti gbójú sókè kó máa pariwo. Ọ̀rọ̀ náà ò já gaara. Ni àhesọ bá gbòde pé ọ̀rọ̀ rírùn ló wà nínú rẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ Indiana ní kí rédíò má lù ú mọ́. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, dá sí i, wọ́n lù ú kíákíá, wọ́n lù ú díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kò yé àwọn bó ti wù kó yára tó. Inú etí àwọn olùgbọ́ ni ọ̀rọ̀ rírùn náà wà látìbẹ̀rẹ̀.

Ti John Fogerty, olórin Amẹ́ríkà kan, ló dùn mọ́ mi jù. Ní 1969, ó kọrin pé òṣùpá burúkú ń yọ bọ̀ ("there's a bad moon on the rise"), àìmọye èèyàn sì gbọ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápá ọ̀tún ("there's a bathroom on the right"). Kò bínú sí wọn. Tó bá wà lórí ìtàgé, ó máa ń fi ti àwọn olùgbọ́ kọ ọ́ nígbà míì.

O sọ àṣà tìrẹ fún mi, gba tèmi. Tí fíìmù bá tán, n kì í dìde. Mo máa ń ka orúkọ tó ń gòkè lọ: awakọ̀, aránṣọ, ẹni tó to iná. Màá mú ọ̀kan nínú wọn, màá pè é sókè ketekete, kí ẹnì kan ṣáà ti pe orúkọ ẹni yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ti mú fíìmù tí a ó jọ wò: Night of the Living Dead, ti George Romero, 1968. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, wọn ò kọ àkọlé ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright), tó ń sọ ẹni tó ni ín, sórí tuntun náà, ó sì di ti gbogbo ayé. Ọ̀fẹ́ lo máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí fóònù wà létí, ká máa dá wọn lóhùn. Mú ọjọ́ àti aago tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí o sì ya ojú ewé kan nínú ìwé kékeré yẹn ránṣẹ́ sí mi. Jọ̀ọ́, má tún ohunkóhun ṣe níbẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.