Ajá Ọdẹ Jámánì Tí Irun Rẹ̀ Le Bíi Wáyà

Sí Olóòtú,

Àyọkà yín lórí ajá ọdẹ dára, àmọ́ ẹ kò mẹ́nu kan Deutsch Drahthaar ti ilẹ̀ Jámánì. Irun rẹ̀, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4, le bíi wáyà, ó sì lẹ̀ mọ́ ara, irun mìíràn tó kì dáadáa sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi tètè dé awọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ (ó jọ ti bàbá àgbà tó ń bínú) ló ń fa ojú àwọn tó fẹ́ fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Wọ́n ṣì í mú. Láti 1902 tí wọ́n ti dá Verein Deutsch-Drahthaar, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ajá yìí, sílẹ̀, iṣẹ́ ni àwọn ọdẹ ń wò ṣáájú ẹwà: ajá tí kò bá yege ìdánwò ọdẹ, ẹgbẹ́ kì í gbà kí wọ́n mú ọmọ lára rẹ̀.

Òǹkàwé yín